Màrdíyyàh Tí Idà Kì í Bà

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bí mi ò bá sọ ọ́, mi ò ní lè sùn.

Aránṣọ ni Màrdíyyàh, Ìjàgbò ló ń gbé. Tó bá ti palẹ̀ iṣẹ́ mọ́ nírọ̀lẹ́, á gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Bọ̀ọ̀dá Kabir lẹ́bàá ojú irin l'Ọ̀fà, níbi tí a ti ń gbá géèmù idà. Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ló fọwọ́ ara wọn ṣe géèmù ọ̀hún, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n idà rẹ̀ ń kọ mànà! Ẹ wà nílé yín, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, a ó pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ó máa ṣá ara wa.

Idà kì í ba Màrdíyyàh. Ìyẹn ló fu mí lára. Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, idà ọ̀tá á gba òkè orí rẹ̀ kọjá, tirẹ̀ á sì ti wọ ikùn onítọ̀hún. Mo ṣọ́ ọ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ èkúté.

Táíyé ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Ilé ló ti ń gbá tirẹ̀, Alhaji ló sì ń jẹ́ nínú géèmù. Ó ní obìnrin yẹn ti ki nǹkan bọ kọ̀ǹpútà. Bọ̀ọ̀dá Kabir ní bó bá jẹ́ òótọ́, Màrdíyyàh ò ní wọ ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà níbòmíràn.

Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ Bọ̀ọ̀dá gan-an, ó ṣá Táíyé. Mo ní kí wọ́n gba báàgì rẹ̀, ó tún ṣá a. Omi ti ń lé sí i lójú. Ìgbà náà ni mo rí bọ́tìnnì kan tó máa ń tẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

"Kí lò ń tẹ̀ yẹn?" Bọ̀ọ̀dá Kabir bi í.

"Mò ń kúnlẹ̀ ni, sà."

"Fún ta ni?"

"Fún Alhaji ni, sà. Mi ò ṣáà lè máa fi idà ṣá wọn láìkí wọn."

Wọ́n ní kí Táíyé máa bọ̀. Nígbà tó wọlé, tòun ti àgbọ̀n tí irun ò tíì hù sí, Màrdíyyàh wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ni mo ń kúnlẹ̀ kí? Àbíkẹ́yìn ìyá mi jù ọ́ lọ."

Wọ́n tún jà. Kò kúnlẹ̀, Táíyé sì bẹ́ ẹ lórí. Bọ̀ọ̀dá Kabir ní ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí idà gba òkè orí rẹ̀ kọjá, ó sì wà nínú géèmù, kò sí màgòmágó níbẹ̀, kí Màrdíyyàh máa bọ̀ nígbàkígbà.

Láti ìgbà náà, Táíyé nìkan ló ń rí i ṣá. Màrdíyyàh ń kúnlẹ̀ fún gbogbo àwọn tó kù, ó ní òun ò mọ ọjọ́ orí wọn. Ṣé ìkíni lásán ni, àbí ó ti mọ èrè tó wà níbẹ̀? Ó ṣì ń fu mí lára. Ẹ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ fojú ara yín wò ó.