Àga Mẹ́ta Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé

Èmi ni mo ni ilé ọtí tó kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Vinkovci. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, èmi náà ni mo ń ka ogún ìbéèrè fún àwọn tó bá wá figagbága. Òfin kan wà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri: tábìlì tó bá gbẹ̀yìn lópin ọdún á dìde fún àwọn tó ń dúró. Mo ti fi òfin yẹn lé àbúrò ọkọ mi jáde rí, kò sì kí mi títí ó fi di Kérésìmesì. Ta ni mo wá fẹ́ yí i padà fún?

Bàbá Tunja fi ogójì ọdún já tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú irin. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló ni tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Imbro, olùkọ́ èdè Látìnì, ló ń dáhùn ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ljubica tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ló ni ìwé àti ewì. Zorka, nọ́ọ̀sì, ló ni sáyẹ́ǹsì. Odò, òkè àti ìlú jẹ́ ti Bàbá Tunja. Bíró kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, ẹni tí ìbéèrè bá bọ́ sóko rẹ̀ ló ń gbà á. Ìka tó tọ́ símú ni wọ́n fi ń re imú: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ̀wé sóko ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, wọn ò rú u rí.

Imbro kú. Ljubica bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ireland. Ó wá ku Zorka, ẹlẹ́nu mímú. Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí mo ti gba ìwé gbogbo wọn, ó pariwo pé, "Òkítópọ́ọ̀sì inú òkun ní ọkàn mẹ́ta! Èmi tí mo ní ẹyọ kan, kò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn!" A rẹ́rìn-ín títí. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, ọkàn yẹn ló pa á.

Láti ìgbà náà, bí mo bá béèrè odò tó gba olú-ìlú mẹ́rin kọjá, Bàbá Tunja á kọ Danube. Bí mo bá béèrè pé inú ọ̀rọ̀ wo ni "róbọ́ọ̀tì" ti jáde, á gbé bíró síwájú àga Imbro, á ká ọwọ́ lẹ́rán. Ọmọdé ìlú wa mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àfipáṣe ni. Ìdáhùn márùn-ún ló ń wà nínú ìwé rẹ̀, àyè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ṣófo. Inú ń bí mi sí i.

"Bàbá, ẹ lọ jókòó ti àwọn olùkọ́ tó wà ní tábìlì kejì yẹn. Wọ́n ń bẹ̀ yín."

"Kí n wá kó àwọn tèmi sí ibo, Nevenka?"

"Àwọn wo? Àga ni mo rí o."

"O ò kúkú mọ jọ́gíráfì rí."

Mo kó ife rẹ̀ lọ fọ̀.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ìdíje, òun àtàwọn alápatà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, jọ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìbéèrè kan ló kù láti yà wọ́n. Bí mo ṣe gbé wáìnì rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Bí wọ́n bá gba ibí yìí, ilé ni n ó máa jókòó sí. Ilé yẹn dákẹ́ jù."

Ó dùn mí wọra. Ìbéèrè nípa ewì onílà mẹ́rìnlá ni mo ti kọ sílẹ̀. Mo rún bébà náà sápò.

"Ẹranko wo ló ní ọkàn mẹ́ta?"

"Màlúù!" ni alápatà kan kígbe.

"Àpòlúkù rẹ̀ ló pín sí mẹ́rin, òmùgọ̀!" ni ẹnìkejì rẹ̀ dá a lóhùn. "Ṣé o kì í wo inú ohun tí ò ń tà ni?"

Bàbá Tunja gbé bíró síwájú àga Zorka. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò mí. Ó mọ ohun tí mo ṣe. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ó na ọwọ́, ó mú bíró náà padà, ó kọ ìdáhùn.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá! Tábìlì yín ni."

"Tèmi," ló wí.

Ó dìde, ó gbé àga Zorka lọ fún àwọn olùkọ́ tó há mọ́ra. Ó padà wá gbé ti Imbro, ó tún gbé ti Ljubica.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti kọ̀wé sóko wọn, Nevenka. Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́."

Nígbà tí ìdíje tún bẹ̀rẹ̀, ogún nínú ogún ló gbà. Ṣé ó ti mọ gbogbo rẹ̀ látọjọ́ yìí! Mo gbé wáìnì lọ bá a, mo fẹ́ jókòó tì í díẹ̀ ká jọ yọ̀, àmọ́ kò sí àga.