Bẹ́ǹṣì Iwájú Tẹlifíṣọ̀n

Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, ìta la máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí nírọ̀lẹ́, torí yàrá wa kò gba èrò. Eré Yorùbá tó ń wá láti òdìkejì ẹnubodè ló ń kó àwọn aládùúgbò jọ. Ẹni tó bá pẹ́ dé ti pàdánù. Èmi ni mo ń yí òpó àńtẹ́nà sọ́nà Nàìjíríà, ìyàwó mi á sì máa ké láti ìdí tẹlifíṣọ̀n pé, "Ó kù díẹ̀! Háà, Mẹ́tìrì, ẹ ti yí i kọjá!" Iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ṣe ló fi ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin tó kù sì kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, kálukú padà sílé rẹ̀. N kò ní ẹni tó ń jókòó tì mí mọ́. Mo ń rò pé eré lè dá wọn padà.

Ọmọ mi obìnrin gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun wá láti Àjàṣẹ́. Ó ní, "Papa, kò sí pé à ń yí òpó mọ́. Gbogbo eré náà ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá wù yín ni kí ẹ wò ó."

"Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Ìgbà wo ni yóò wù wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Nígbà tó lọ, mo to bẹ́ǹṣì síta, mo lọ pe ọ̀rẹ́ ìyàwó mi tó wà ní ilé kejì. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, fóònù rẹ̀ fara ti agbada.

"Ẹ máa bọ̀ o, eré ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Èwo nínú wọn, Mẹ́tìrì? Mo ti wo ìyẹn tán! Ìyàwó kékeré ló ta ilé mọ́ ọkọ lórí. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú."

Kò kórìíra mi. Ojú rẹ̀ kàn padà sórí fóònù ni.

Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n téèyàn ń dúró de aago eré rẹ̀ kò ní pẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. N kò jiyàn. Ohun téèyàn lè wò nígbàkúùgbà, kò sí ìdí tí yóò fi wá wò ó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo tan eré náà lémi nìkan. Apá kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù.

"Papa, ṣé àwọn aládùúgbò wá?"

"Wọ́n wá," ni mo wí, mo sì yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, kó lè gbọ́ ariwo èèyàn.