Òkúta Bàbá Mi àti Àtè Ẹja

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajah, yanrìn ni títì wa, ọ̀sà sì ni ọ̀nà Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Èkó á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú agbọ̀n ẹja àti ẹrù àgbọn, oòrùn á sì ti máa mú kó tó gúnlẹ̀. Òmìnira kò tíì pẹ́ tí a gbà á nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé ilé alájà àti ariwo ọjà lẹ mọ Ajah sí, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ti Ajah tèmi fún yín, nítorí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn kò sí mọ́, èmi nìkan ló sì kù tó mọ bí ohùn wọn ṣe rí.

Bàbá mi kò kú sílé. Wọ́n bá àwọn kan lọ sí òkè Jọ́ọ̀sì lọ wa kùsà, ilẹ̀ sì wó lé wọn lórí níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ohun tó padà wálé kò ju aṣọ díẹ̀ àti òkúta kan tó tó orí àtàǹpàkò lọ. Ẹni tó kó ẹrù náà wá sọ pé bàbá mi a máa fi òkúta yìí han àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọn a sì máa ní ìyá àwọn làwọn yóò gbé e fún. Lójú tèmi kò ní ẹwà kankan. Ó rí bí àfọ́kù ìgò tí òkun ti họ lára. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn. Bí wọ́n bá jókòó wọn a fọwọ́ kàn án, bí wọ́n bá dìde wọn a tún fọwọ́ kàn án.

Ìyá mi kò kúrò nílé ọkọ. Àwa obìnrin mẹ́ta là ń gbé ilé náà: Ìyá Àgbà, ìyá mi, àti èmi tí mo jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo. Ẹja ni ìyá mi ń yan tà. Ahéré tí wọ́n ti ń yan án wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí, èéfín rẹ̀ sì wà nínú gbogbo aṣọ tí a ní.

Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí yẹn ni ọkùnrin ará Ìlọrin kan wá tẹ̀dó sí. Àbúrò ìyá àlùfáà wa ni wọ́n. Ìbẹ̀wò ni wọ́n bá wá, ibà dá wọn dùbúlẹ̀, nígbà tí ara wọn yóò sì fi yá, ilẹ̀ wa ti mọ́ wọn lára. Wọn kò tíì dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ìlọrin ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n bá bọ̀ láti ilé ni kí wọ́n máa gé òkúta olówó iyebíye fún orí òrùka àti ọ̀ṣọ́ ọrùn. Wọ́n ń fún òkúta ní ojú, bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń yí ọlọ iṣẹ́ wọn, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọlọ á máa yí, omi á máa kán sí i lórí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń di òkúta mú. Òkúta orí òrùka kéré púpọ̀, bí ènìyàn bá fi ọwọ́ dì í mú sórí ọlọ, ìka ni ọlọ yóò kọ́kọ́ jẹ. Nítorí náà àtè ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, igi náà ni wọn yóò sì dì mú. Oje igi àti ìda oyin ni wọ́n ń yọ́ pọ̀, tí wọ́n á da erùpẹ̀ amọ̀ tó kúnná sí, tó ń di àtè. Wọ́n á fi òkúta yáná díẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtè gbígbóná, wọ́n á fi ìka tútù tò ó kó dúró ṣánṣán. Bí ó bá wọ́, gbogbo ojú tí wọ́n bá gé sí i ló máa wọ́. Tí wọ́n bá ti gé apá kan tán, wọ́n á tún fi yáná kí àtè lè yọ́, wọ́n á yí òkúta padà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ láti gé apá kejì.

Iná ni wọ́n bá dé ahéré wa. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé àpáàdì wá bu ẹyin iná lọ́dọ̀ ìyá mi. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja fi ń rẹ́rìn-ín pé ẹni tó ní ìṣáná nínú àpò kì í wá iná kiri bẹ́ẹ̀. Ìyá mi á kàn máa yí ẹja wọn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti ń di gèlè kí wọ́n tó jáde láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í di gèlè yan ẹja tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Ìlọrin sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fún ìyá mi, pé àwọn fẹ́ fi wọ́n ṣe aya. Mo wà lẹ́yìn ahéré níbi tí mo ti ń ha ìpẹ́, mo sì gbọ́ ìdáhùn ìyá mi. Wọ́n ní, “Mo ní ìyá nílé. Ọmọ kan tí wọ́n bí ti lọ. Bí èmi náà bá lọ, kí ló kù fún wọn?” Bàbá Ìlọrin kò bá wọn jiyàn. Wọ́n bu iná wọn, wọ́n lọ. Ní tèmi, inú mi dùn pé ìyá mi kò ní fi wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọjú tí mo rí bí wọ́n ṣe dúró, tí ẹja ń jó lórí iná tí wọn kò yí i, inú dídùn náà kò di alẹ́.

N kò mọ ẹni tó ròyìn fún Ìyá Àgbà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, wọ́n mú mi lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Ìlọrin. Wọ́n tú ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n gbé òkúta náà lé Bàbá Ìlọrin lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ó gé e, kí àwọn lè rí ohun tí ọmọ àwọn rí nínú rẹ̀ káwọn tó kú. Bàbá Ìlọrin gbé e sí oòrùn, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, ojú wọn sì rẹ̀ wálẹ̀.

Wọ́n ní, “Ìyá, ó ti sán nínú. Bí mo bá fi yáná, yóò là sí méjì. N kò lè lẹ̀ ẹ́ láìlo iná.”

Ìyá Àgbà rò pé ó ń sá fún ohun òkú ni. Wọ́n gba òkúta wọn, wọ́n so ó padà, wọ́n sì fà mí lọ́wọ́ lọ sílé.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, wọn kò sì jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń fọ inú ẹja ọ̀bọ̀kún, wọ́n kàn dúró gbagidi. Wọ́n ń wo ìka ọwọ́ wọn. Gbogbo ẹlẹ́ja ló mọ̀ pé bí èèpo ẹja àti àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá hó pẹ́ lórí iná, omi rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, bó bá sì gbẹ, á le bí ìwo. A kórìíra rẹ̀ nítorí ìkòkò fífọ̀. Ìyá mi kó àpò inú ọ̀bọ̀kún jọ, wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n sè é lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ó fi yọ́, wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ. Òórùn rẹ̀ lé ewúrẹ́ kúrò lágbàlá. Wọ́n gbé e lọ fún Bàbá Ìlọrin, wọ́n ní kò nílò kí òkúta gbóná, kí ó kàn dúró kó gbẹ ni.

Òkúta lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Ó lẹ̀ dáadáa, àmọ́ nígbà tí omi ọlọ kàn án, ó rọ̀, òkúta fò kúrò lórí igi, ó lọ bá ògiri mọ́ṣáláṣí. Ìyá mi jókòó wò ó títí. Wọ́n wá ní kí wọ́n fi ọwọ́ po ìda oyin títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n fi wé ọrùn àtè náà, kí omi má lè rí i wọlé. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dúró.

Ìyá mi ló wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà láti tún tọrọ òkúta náà.

Ìyá Àgbà ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ kí ó fọwọ́ kan ohun ọmọ mi?”

Ìyá mi ní, “Èmi ni, Ìyá. Èmi náà fẹ́ rí inú rẹ̀.”

Ìyá Àgbà tú u fún wọn.

Àtè ẹja kì í yára gbẹ, pàápàá nítòsí òkun tí atẹ́gùn rẹ̀ tutù. Ìyá Àgbà kò fi òkúta wọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé àpótí lọ sí iwájú rẹ̀, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń lé adìyẹ. Bàbá Ìlọrin náà jókòó tì wọ́n. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn láti ṣe, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìlọrin bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kò sí ẹni tó tíì bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí ikú náà ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń yẹra fún orúkọ náà kí ẹkún má baà bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà sọ bí ó ṣe mọ odò wẹ̀, bí ó ṣe máa ń jí àgbọn, bí ó ṣe ń kọrin nínú ọkọ̀ tí ohùn rẹ̀ kò sì dára. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bàbá mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn dòní, ìdí àtè tí kò tètè gbẹ ni mo ti gbọ́ ọ.

Nígbà tó gbẹ, Bàbá Ìlọrin gé apá àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó lè tú, wọ́n yí i padà, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́, a tún dúró. Apá kejì ni ọ̀ràn wà. Wọ́n ń rọra tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ọlọ ń yí, a sì gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí èékánná bá dá. Ègé kan ta kúrò lára òkúta náà. Bàbá Ìlọrin gbé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn níwájú Ìyá Àgbà. Ìyá mi fi ọwọ́ bojú.

Ìyá Àgbà dìde, wọ́n mú igi náà nílẹ̀. Òkúta ṣì wà lórí rẹ̀, àtè kò jẹ́ kó lọ. Wọ́n gbé e sókè wò. Ibi tó sán gan-an ló bá ègé náà lọ, ohun tó kù mọ́ lóló bí omi ọ̀sà ní kùtùkùtù.

Wọ́n ní, “Ó kù. Dìde, kí o parí rẹ̀.”

Nígbà tó parí, kò tó ìdajì ohun tí wọ́n so mọ́ aṣọ fún ọdún wọ̀nyẹn. Ìyá Àgbà gbé e sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń fò káàkiri ojú wọn. Wọ́n pẹ́ nídìí ẹ̀. Wọn kò sunkún. Wọ́n pe ìyá mi, wọ́n di ọwọ́ wọn mú.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi ló kú. Ìyàwó rẹ̀ kò kú. Má bá mi kú mọ́.”

Mọ́ṣáláṣí wa ni wọ́n ti so yìgì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ pe Bàbá Ìlọrin sí Èkó, ìyá mi bá wọn lọ, èmi ni mo sì ní n máa bá Ìyá Àgbà gbé. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ìyá mi bá ń bọ̀, n kì í lè jẹun, etí omi ni mo ń wà láti àárọ̀, mo ń wo gbogbo ọkọ̀ tó bá yọ. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mo ti sin Ìyá Àgbà, ìyá mi àti Bàbá Ìlọrin, ara mi kò tíì gbàgbé ìdúró yẹn.

Ayé ti yí. Àwọn tó ń gé òkúta lónìí ní ẹ̀rọ oníná, mo sì gbọ́ pé àtè kan wà nínú rọ́bà kékeré, kí ènìyàn tó wúkọ́ ó ti gbẹ. Ohun tó dára ni. Èmi kàn ń rò ó pé bí ó bá wà nígbà náà, à bá ti parí òkúta náà ní ìyálẹ̀ta kan, Ìyá Àgbà ì bá sì gba ohun wọn, kí wọ́n máa lọ sílé láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin fi mọ́tò gbé mi kọjá ní Ajah. Ó ní kí n fi ọ̀gangan ilé wa han òun. Mo nawọ́ sí apá ibì kan, mo tún nà án sí òdìkejì. Ilé gbogbo ti ga, wọ́n sì ti fi yanrìn dí omi tí mo fi ń mọ ibẹ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ̀rọ mọ́tò. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó rọra bi mí pé, “Màmá, ṣé kí á máa lọ?”

Mo ní kó jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i.