Verna Tackett, Tí Omi Gbé Lọ Níbi Tí A Fi Í Sí

Verna Tackett ti kú. Omi ló gbé e ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nínú ilé ìtọ́jú ẹranko Káúńtì Corley, nígbà tí àwa yòókù wà lórí òkè nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí a sá fún omi lọ, tí à ń mu kọfí gbígbóná. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀, ó há sára wáyà ọgbà. Ìwé tí ìjọba káúńtì gbé jáde sọ pé "òṣìṣẹ́ kan pàdánù ẹ̀mí rẹ̀." Ó pàdánù rẹ̀ kẹ̀? Ṣé ó sọ ọ́ nù bí ẹni sọ owó ẹyọ nù ni?

Ta ni Verna? Òun ni ẹ máa ń pè bí ejò bá wọ ilé ìdáná yín. Òun ni ẹ máa ń pè bí ajá digbolugi bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin kúkúrú ni, bàtà òjò kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èékánná ológbò sì ti fa gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ya. Bó bá wọ ilé oúnjẹ, àwọn ọkùnrin wa á máa gbó bí ajá láti fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Á wò wọ́n, á ní, "Ẹ rọra o. Ẹni tó bá gbó jù, màá gún un lábẹ́rẹ́." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. A fẹ́ràn rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ẹni tó ń bá a ṣe iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ fọwọ́ kàn.

Iṣẹ́ wo nìyẹn? Ẹ jẹ́ ká má tanra wa. Ajá ọdẹ tó darúgbó, tí imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn ẹran mọ́, a óò so ó mọ́ géètì Verna, a óò sì wa ọkọ̀ wa lọ kó tó dé. Ọmọ ológbò tó pọ̀ jù, a óò kó wọn sínú páálí, a óò gbé e síbẹ̀. Nígbà tí àyè kò bá sí mọ́, Verna ló ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á gbé orí ajá náà lé itan, á máa pè é lórúkọ títí yóò fi sùn lọ. Bí kò bá ní orúkọ, Verna á sọ ọ́ lórúkọ.

Etí odò Sorrel ni ilé náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Omi ti wọ ibẹ̀ rí, ìgbìmọ̀ káúńtì sì mọ̀. Wọ́n ti dá Dewey Sizemore, tó ń bá Verna ṣiṣẹ́, dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ẹnì kan tó fún ajá. Nígbà ìrúwé, Verna dìde níwájú wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ilé náà lọ sórí òkè, sí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó ṣófo. Hobart Lykins, olórí káúńtì, fi ọwọ́ gba àgbọ̀n.

"Verna, èèyàn ṣì wà tí kò rílé gbé, ìwọ ń wá ilé fún ajá?"

Gbogbo ìjókòó rẹ́rìn-ín. Verna ní, "Hobart, kì í ṣe ajá nìkan ló wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi náà wà ńbẹ̀." Wọn ò tilẹ̀ dákẹ́ ẹ̀rín kí wọ́n tó pe ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, bí odò ṣe ń kún, Verna pe ọ́fíìsì pàjáwìrì láti ilé rẹ̀, pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi wá kó àwọn ẹranko. Ottie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní èèyàn làwọn ń kó, kí ẹranko ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kejì tí káúńtì ní wà lẹ́yìn kóòtù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é, òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó láṣẹ láti tú u.

Ottie di àbúrò rẹ̀ lápá mú. Verna yọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ottie, èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ká ní mi ò tì í ni, wọn ì bá ti sá. Jẹ́ kí n lọ ṣí i."

Ó ṣí i. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ajá náà lúwẹ̀ẹ́ jáde, wọ́n sì gun òkè wá bá wa. Wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì níkọ̀ọ̀kan, omi ń ro lára wọn, wọ́n ń gbọ̀n. A ń lé wọn síta kí wọ́n má baà ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Dewey nìkan ló fi ife rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ajá Verna nìwọ̀nyí. Verna fúnra rẹ̀ dà?"

Àwa ṣì ń lé ajá síta. Títí di òní, bí mo bá rántí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, ojú máa ń tì mí nítorí gbogbo wa.

Wọ́n ti gbé òkúta kan kalẹ̀ níwájú kóòtù, wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn tí omi pa sára rẹ̀. Kò sí Verna níbẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi ni, wọn ò rán an níṣẹ́. Ó kú láìgbàṣẹ! Níbi tí odò Sorrel ti gbé e, wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù ilé ẹranko tuntun lórí ìpìlẹ̀ àtijọ́. Ta ni wọ́n fẹ́ rán síbẹ̀ báyìí? Ọmọ ta?

Ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Hobart Lykins, dárúkọ ẹni tó ní kí wọ́n má tú ọkọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, dárúkọ ara rẹ. Ẹ gbẹ́ orúkọ obìnrin náà sára òkúta. Ẹ dá àwọn bíríkìlà yẹn dúró, ẹ kọ́ ilé náà sórí òkè kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Ottie yóò jókòó ní ìlà iwájú, yóò béèrè ohun tó pa àbúrò rẹ̀. Ẹ má kí i kú ọ̀fọ̀, ó ti gbọ́ ọ tó. Ẹ dá a lóhùn.