Àwọn Orúkọ Tí Sìkírátù Ń Pè ní Amukòkò

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò nílé ní Ìsẹ́yìn. Mo kírun Àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí inú gáréèjì, mo sì wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Ìrìnàjò afẹ́ kọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni Felix, ọmọ àbúrò mi obìnrin, pè mí láti Èkó. Òyìnbó ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá òun Sìkírátù wó, kò sọ òyìnbó mọ́, kò sì gbọ́ ọ mọ́. Yorùbá ilé wa nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀, àwọn èèyàn kan tí àwọn kò mọ̀ ló sì ń pè tọ̀sántòru. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá ṣe ògbufọ̀. Tíṣà òyìnbó ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ rí pé kí wọ́n ránṣẹ́ pe ògbufọ̀ sáàárín ìyá àti ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀.

Kí ẹni tó ń kà á má baà ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Sìkírátù kò ju ọmọge lọ tó fi lọ sí Èkó. Marine Beach, létí omi Àpápá, ló ti ń ta ẹja yíyan, ibẹ̀ náà ló ti pàdé ọkọ rẹ̀, ọkùnrin Ìjọ̀ kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, tó ti di olóògbé báyìí. Òyìnbó àdàmọ̀dì tí wọ́n ń pè ní pijin ni tọkọtaya náà fi ń gbọ́ra wọn yé. Nígbà tí ọmọ dé, Sìkírátù ṣòfin: ọmọ kankan kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá nínú ilé òun, torí òun fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ọmọ mẹ́ta ló bí, Felix, Blessing àti Tari, wọ́n sì pa òfin náà mọ́. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ kò ju ti ìta lọ, ti ká fi rajà, ká fi bú kọ̀ńdọ́.

Dẹ́rẹ́bà wa ti jókòó sídìí ọkọ̀ kó tó tún bọ́ sílẹ̀. “I'm coming,” ló wí, ó sì kọjú sọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ. Nínú òyìnbó tí wọ́n fi kọ́ mi, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀ wá. Ti dẹ́rẹ́bà yìí, ó ń lọ ni. “Mo ń bọ̀” tiwa ló wọ ẹ̀wù òyìnbó. Bírò pupa ni mo máa ń fi fa ilà sí i nínú ìwé àwọn ọmọ nígbà ayé mi. Nígbà tó padà, mi ò lè pa á mọ́ra, mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ní o ń bọ̀, o sì ń lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má bínú. Ebi ò mọ gírámà.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwa tó ń sọ ọ́ bó ṣe tọ́ lójú tiwa kò pọ̀ mọ́ o, a sì ń kú lọ.

Títì Mọ́níyà ti dán, kò pẹ́ tí a fi dé Ìbàdàn. Nínú ọkọ̀ Èkó, ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, ó ń fi fóònù sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ló ti “japa”. Òyìnbó ló ń sọ látòkèdélẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ọ̀rọ̀ wa ni, já pa, kí èèyàn sá kúrò nílùú. Ó ti bá òyìnbó lọ, kò tilẹ̀ dágbére fún wa. Mo rántí Tari, àbíkẹ́yìn Sìkírátù, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú ọba. Àánú àwọn arúgbó náà kò ṣe mí lọ́jọ́ yẹn.

Ní Mile 2, kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé, “Enter with your change!” Ṣéńjì ni owó tí èmi mọ̀ pé wọ́n ń dá padà fúnni lẹ́yìn tí a bá ti sanwó. L'Ékòó, èrò ló ń mú un wá látilé. Mo fi í sílẹ̀, mo gba kẹ̀kẹ́ ní ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ sí Warehouse Road, níbi tí Felix ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté. Tírélà tò lọ bíi rere, ojú ọ̀nà sì ti gbẹ́ kòtò débi pé a ń di ara wa mú nínú kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, “Happy weekend, sir!” Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé òpin ọ̀sẹ̀ ṣì jìnnà, kí n tó rí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ́ sílẹ̀. Nílé, ẹni tó bá fẹ́ tọrọ á ní kí ẹ ṣe òun lóore. Níbí, ìkíni ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Felix jáde sí mi. Ó ní kí n “kindly” fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí òun “revert” sí oníbàárà kan. Kó fèsì lẹ́tà ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí ìwé mi pè ní pípadà sí ipò àtijọ́. Ẹnu ti ń yún mi láti tún un ṣe. Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀, tí mo rí i bó ṣe pọ́n, tó sì wú, mo gbé ẹnu mi dákẹ́.

Inú mọ́tò rẹ̀ ló ti bi mí léèrè. “Uncle, who is Àjàní?” Ó pe orúkọ náà bí ẹni ń pe orúkọ ìlú òkèèrè. Ó ní ṣé ìyá àwọn ti bímọ kan kó tó bí àwọn ni?

Mo ní, “Ta ló tún ń pè?”

“Àjàní, Àsàkẹ́, Àbẹ̀bí. Every day.”

Ó ní àwọn ti tú fóònù ìyá àwọn wò, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Blessing, àbúrò rẹ̀, lọ sí Marine Beach, ó ń bi àwọn ẹlẹ́ja léèrè. Wọ́n bá a wá bàbá kan tó ń jẹ́ Àjàní, tó máa ń lẹ ọkọ̀ ojú omi tó bá jò. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé bàbá olóore yẹn wá sílé wọn ní Amukòkò, wọ́n mú un dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì. Ó kí Sìkírátù títí. Sìkírátù gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yíjú sí ògiri, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àjàní.

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Felix, ìwọ ni Àjàní.”

Ó tẹ bíréèkì lójijì. Tírélà ẹ̀yìn wa fọn fèrè bí ẹni pé ayé ti parẹ́. “Me?”

Mo wá ṣàlàyé fún un. Nígbàkúùgbà tí Sìkírátù bá bímọ, ó máa ń ránṣẹ́ sílé, ìyá wa yóò sì fún ọmọ náà ní oríkì. Oríkì kì í ṣe orúkọ tí a ń kọ sí ìwé ilé ìwé. Òun ni ìyá fi ń pe ọmọ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i. Ọmọkùnrin tí a jà kí a tó ní i ni Àjàní. Blessing ni Àsàkẹ́. Tari, tí wọ́n bẹ Ọlọ́run títí kó tó wáyé láàyè, òun ni Àbẹ̀bí. Felix tún wa mọ́tò lọ. Lẹ́yìn náà ó ní ìgbà tí ibà bá ń ṣe àwọn ní kékeré, ìyá àwọn máa ń sọ nǹkan kan bẹ́ẹ̀ sí àwọn létí. Ó ní òun rò pé àdúrà ni.

Blessing ló ṣílẹ̀kùn fún wa ní Amukòkò. Ó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kan níwájú ilé. “Uncle, welcome sir. How road?” Mo fẹ́ràn ìkíni yẹn. Pijin ni, ṣùgbọ́n “ẹ kú ọ̀nà” gan-an ló ń sọ.

Sìkírátù dùbúlẹ̀, ó ti rù. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, etí ló kù fún un. Mo jókòó tì í, mo ní, “Sìkírátù, èmi rèé o.”

Ó mọ ohùn mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ bá mi bi àwọn ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe wọ́n? Mo ń pè wọ́n, mo ń pè wọ́n, wọn ò jẹ́ mi.”

Àwọn ọmọ tó ń wí náà ti dúró tì í láti ọjọ́ Sunday, wọ́n ń dáhùn pé “Yes, Mummy.”

Mo kọ́ Felix ní ohun tí yóò sọ. Géńdé ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí símẹ́ńtì. “Èmi Àjàní rèé, mà.” Sìkírátù na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó wá orí rẹ̀ kàn, ó sì fi ọwọ́ pa á títí. Blessing kò dúró kí n kọ́ òun. “Na me be Àsàkẹ́, Mama,” ló kọ́kọ́ wí, ó sunkún, ó sì wá sọ ọ́ ní Yorùbá. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àbẹ̀bí.

Wọ́n pe Tari lórí fóònù, wọ́n gbé e sí i létí. “Hi Mum, you alright?” Níbi tó wà, ìkíni lásán nìyẹn, wọn kì í dúró gbọ́ èsì. Mo gba fóònù, mo kọ́ ọ ní gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà pé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀.

Sìkírátù gbé orí sókè díẹ̀. “Ta nìyẹn? Òyìnbó wo ló ń bá mi sọ̀rọ̀?”

“Uncle, what did she say?” ni Tari bi mí.

Mo ní ìyá rẹ̀ ní kí Ọlọ́run bù kún un. Blessing wo ojú mi, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Ògbufọ̀ tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti ọ̀nà jíjìn, irọ́ ló fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Sìkírátù ń pe Àbẹ̀bí títí ohùn rẹ̀ fi lọ sílẹ̀. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a sì sin ín kí wọ́n tó kírun Àsárì, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí.

Ìkíni tí wọ́n kí wa kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí a kú àṣẹ̀yìndè. Àwọn ẹlẹ́ja Marine Beach di Blessing mú, wọ́n ń wí pé “Sorry o, sorry o” títí ó fi dà bí orin. Àwọn ará ọ́fíìsì Felix fi “RIP” ránṣẹ́ sórí fóònù, lẹ́tà mẹ́ta péré fún odindi èèyàn. Inú bí mi sí i, n kò ní purọ́.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni mo padà sílé. Mo jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Mo ti bá àwọn èdè òyìnbó tuntun wọ̀nyí jà púpọ̀ láyé mi. Mo ti wá rí i báyìí pé oúnjẹ òòjọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bá èèyàn wá, n kò ní bá wọn jà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun jẹ́ òun nígbà tí òun bá ń lọ, kó máa pè é láti kékeré, ní ọ̀sán gangan, kó má dúró de ibà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé Ìsẹ́yìn. Ìyàwó mi gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ fún mi. Mo ṣí fóònù, mo bá ohùn Tari tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí wáásáàpù, ó pọ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, ó ní Blessing ti sọ fún òun ohun tí ìyá àwọn wí gan-an. Àwọn ìyókù, gbólóhùn kan náà ni. “Èmi Àbẹ̀bí rèé, mà.” Ó ń sọ ọ́, ó ń bàjẹ́, ó tún ń sọ ọ́. Nígbà tí mo tẹ èyí tó kẹ́yìn kó dún, ìyàwó mi yọjú láti inú yàrá, ó ní ọmọ ta ló ń kí mi nínú ilé. Kò sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀.

Lábẹ́ rẹ̀, Tari kọ ọ́ pé: “Uncle, is it correct now?”

Mo dá a lóhùn pé ó tọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì bú sẹ́kún.