Á Gbẹ

Tí mo bá rí ìwé tó tutù, ohùn ìyá tó ni jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìrẹmọ ni mo máa ń gbọ́. Mà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: "Á gbẹ."

Lásìkò ọyẹ́, àwọn ọmọ á ṣa ewé, a ó fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Mà máa ń fi ṣúgà sí ẹ̀kọ náà, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ á lá a. Tójò bá dé, a ó fi ìwé ìròyìn ṣe ọkọ̀ ojú omi, àwòrán sójà á kún ara rẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa fẹ́ ẹ káàkiri inú bàsíà.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan wá mú ọmọ rẹ̀, ó bá a tó rin gbindin.

"Mà, ṣé ọmọ mi nìyí?"

Mà wo ọmọ náà dáadáa. "Òun ni, sà. Á gbẹ."

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, mo padà síbi iṣẹ́ nínú òjò. Mà fún mi ní ìwé ìròyìn, wọ́n ní kí n jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ, kí n ṣe ọkọ̀. Mi ò tíì ṣe é dé ìdajì tí omijé fi rin ín.

"Ìwé ti tutù, Mà."

"Á gbẹ."

"Nínú òjò yìí?"

Mà jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n mú ìwé tiwọn.

"Ó máa pẹ́ ni."