Iná Inú Àpótí Àbúrò Mi

Gílóòbù méjèèjì tó wà nínú àpótí àbúrò mi tún rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n pọ́n bí ẹyín iná tó fẹ́ kú, wọ́n sì tún mọ́lẹ̀ lójijì. Yèyé mi na ọwọ́ wọnú àpótí, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú.

"Ó ti ń tutù," ló wí. "Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù."

Òjò ń rọ̀ gan-an sórí páànù ilé ìgbẹ̀bí, ní Ìkẹ́rẹ́ wa níbẹ̀. Oṣù àbúrò mi kò pé kí wọ́n tó bí i. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju apá mi lọ. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa pé òtútù ni ọ̀tá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ́ ẹ sínú àpótí onígíláàsì tí gílóòbù ń mú gbóná. Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Sáré lọ koná mọ́ omi. Kí o sì pe Bàbá wá."

Bàbá tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ilé ìgbẹ̀bí náà. Ó bá wọn lọ sí ogun Bọ́mà, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ wáyà. Láràárọ̀, kí n tó gbálẹ̀ tán, n óò ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa, òórùn epo ẹ́ńjìnnì a sì ti ṣáájú rẹ̀ dé. "Ṣé ẹ jíire nínú ulé yẹn?" Bí uṣu sísun bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, a bù fún mi, a sì bá tirẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe ohun gbogbo, yèyé mi a sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu yèyé mi.

Bàbá dé, òjò ti rin ín gbingbin. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì ná. Ìró rẹ̀ lọ geere, kò ta kókó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ níwájú tiransifọ́mà tó wà lábẹ́ tábìlì, àpótí irin tó ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, torí agbára náà pọ̀ ju èyí tí gílóòbù wọ̀nyẹn lè gbà. Ó mú mítà tó fi ń wọn iná, ó fi kan ibi tí iná ń gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ mítà dúró ṣinṣin. Ó fi kan ibi tí iná ń gbà jáde. Abẹ́rẹ́ ń fò sókè, ó ń fò sílẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì kọ́," ló wí. "Ibí ni."

Ó yọ gílóòbù kan. Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, torí iná tó ń gba ibẹ̀ ti dín kù. Ó dá a padà, abẹ́rẹ́ tún ń jó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára," ni yèyé mi wí.

"Ọmọ mi, bí mo bá yára, n ó ba á jẹ́." Ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tó di wáyà mú ní ọ̀nà àbájáde, ó sì fà á kúrò kíákíá. Ó gbóná. "Mo ní láti pa uná yìí."

Yèyé mi pariwo. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sí àyà yèyé mi níhòòhò, ó wé ìró mọ́ àwọn méjèèjì. Mo gbé omi gbígbóná wá, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n fi aṣọ dì í tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iyàrá ṣókùnkùn. Mo ń wo ìró náà bóyá yóò mì.

Bàbá fi sípánà fún nọ́ọ̀tì náà le, ó tanná. Iná dúró. Yèyé mi ti ń dúpẹ́, nọ́ọ̀sì ti na ọwọ́ láti gba ọmọ, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà jíjóná fi gba iyàrá, gílóòbù sì tún pọ́n.

Ó tún pa á. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tú nọ́ọ̀tì náà kúrò pátápátá, ó sì bó rọ́bà ẹnu wáyà. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti jóná dúdú, fọ́nrán díẹ̀ ló kù tó ń gbé gbogbo iná náà. Ó gé e dànù, ó fi ọ̀bẹ ha ibi tó mọ́ jáde. Mo gbé àtùpà sún mọ́ ọn, ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀tì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá a, ó mú un, ó tún bọ́. Kò bínú, kò sì sinmi. Ó de wáyà náà, ó fún un le, ó tanná.

Iná dúró. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí tiransifọ́mà láti mọ̀ bóyá yóò tún gbóná, kò gbé e kúrò títí òjò fi dá. Ìgbà náà ló tó mi orí fún nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì tẹ́ ọmọ padà.

Àbúrò mi yè. Kòkó ló ń gbìn lọ́nà Àgbàdo, ó ti lọ́mọọmọ. Bàbá náà ti kú tipẹ́.

Èmi náà ti gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó bí iná sáré lọ sí ọsibítù, mo ti jókòó ti ọkọ mi lórí àìsàn tó mú un lọ. Ẹ̀rù kò fi mí sílẹ̀ nínú ọ̀kankan. Ní kékeré, mo rò pé àgbà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rù. Ohun tí mo rí lójú àtùpà lọ́jọ́ náà ló gba èrò yẹn lọ́kàn mi. Bí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n, n kì í dúró dè é mọ́. Mo ń mú ohun tó kàn, kí ó máa gbọ̀n lọ.